Àlejò Inú Ilé Tábà

Dàńṣíkí tí Mùstàfá fi ń roko ló kọ́kọ́ sọnù. Kì í ṣe aṣọ tí ẹnikẹ́ni máa jí. Ó ti gbó, apá rẹ̀ kan ti ya, oje ewé tábà sì ti sọ iwájú rẹ̀ di dúdú. Orí ìṣó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló máa ń fi í kọ́ sí. Nígbà tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Àwáwù ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà ní òun ti ya á ṣe àkísà, òun fi nu ìkòkò. Ó dáhùn kíá. Kíá tó dáhùn yẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn Mùstàfá. Àwáwù kì í dáhùn ọ̀rọ̀ kíá. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, bí èèyàn bá bi í ní nǹkan, á kọ́kọ́ wolẹ̀ ná.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ dé. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nílé, nítorí Rábì ọmọ wọn ti wà níléèwé ní Ìsẹ́yìn. Ọbẹ̀ tó yẹ kí wọ́n jẹ kó ṣẹ́ kù di ọjọ́ kejì kì í tó wọn jẹ mọ́. Bí Mùstàfá bá ṣí ìkòkò, omi ọbẹ̀ lásán ló máa ń bá nísàlẹ̀. Àwáwù fúnra rẹ̀ kò sì sanra sí i.

Ohun tó wá burú jù ni ìrìn rẹ̀. Èlùbọ́ ni Àwáwù ń ṣe. Orí àpáta tó wà lẹ́yìn ìlú Òkàkà ni òun àti àwọn obìnrin àdúgbò máa ń sá iṣu tí wọ́n ti bọ̀ sí, tí wọ́n á jọ máa tàkúrọ̀sọ, tí wọ́n á jọ máa lé ewúrẹ́. Lọ́dún yìí, ó ní oko lòun fẹ́ máa sá tòun, pé ewúrẹ́ ti pọ̀ jù nílé. Nínú oòrùn ọ̀sán, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wọlé lọ sinmi, á gbé igbá karí, á forí lé ọ̀nà oko. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, eruku ọyẹ́ á ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, kò sì ní fẹ́ kí ọkọ òun bá òun sọ igbá náà kalẹ̀.

Mùstàfá wò ó títí. Ó dàgbà ju ìyàwó rẹ̀ lọ dáadáa, irun rẹ̀ sì ti ń funfun. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ọkùnrin kan wà níbì kan.

Ìlú pàápàá kò fara rọ nígbà náà. Oṣù Jánúárì ọdún 1983 ni. Rédíò ti kéde pé kí àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn, kí wọ́n máa lọ sílé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Tógò àti ará Kútọ́nu tí wọ́n ń bá èèyàn kọ ebè ní Òkàkà ti gba ọ̀nà Ṣakí lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù, Kòbínà ará Gánà, tó ń rán bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ó ti pẹ́ láàárín wọn. Ó ń sọ Yorùbá geere, àfi ibi tí "gb" bá wà nìkan. Bó bá fẹ́ pe "ìgbà", "ìbà" ló máa ń já sí, àwọn ọmọdé á sì máa fi í ṣe ẹ̀rín. Kò lọ nítorí pé ìjọba Gánà ti ti ẹnubodè tiwọn pa, àwọn tó sì ti ṣáájú lọ wà lórí títì láàárín ilẹ̀ méjì, wọn ò rí iwájú, wọn ò rí ẹ̀yìn. Ó ní òun á ní sùúrù títí wọ́n á fi ṣí i.

Ìlú kò ní sùúrù. Lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà kan, ìròyìn dé pé olè ja ilé kan ní Ìpàpó. Wọ́n ní ará Gánà ni olè náà. Ilé ta? Kò sẹ́ni tó béèrè. Ládòkun, ọ̀rẹ́ Mùstàfá, ló kígbe lójú ọjà pé kí wọ́n lọ yẹ ṣọ́ọ̀bù Kòbínà wò. Àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀ lé e. Wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju awọ àti ìṣó lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó òkúta dání kí wọ́n tó débẹ̀, ẹnì kankan ò sì fẹ́ gbé òkúta tirẹ̀ padà sílé.

Mùstàfá wà níbẹ̀. Kò sọ òkúta. Ó dúró lábẹ́ igi igbá, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò. Ó rí Kòbínà nígbà tó gba ẹ̀yìnkùlé sá jáde, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n pín ẹrù rẹ̀. Ẹnì kan gbé bẹ́ǹṣì, ẹnì kan gbé rédíò. Àpọ́nlé, obìnrin tí Kòbínà bá tún bàtà ọmọ rẹ̀ ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ká aṣọ ìbora rẹ̀ lọ. Ládòkun mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó wá ti kẹ̀kẹ́ Kòbínà wá bá Mùstàfá lábẹ́ igi.

"Gbà," ló wí. "Ti Kùmásí rèé."

Ọ̀rọ̀ Kùmásí yé àwọn méjèèjì. Lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àlejò jáde, Kùmásí ni Mùstàfá àti Ládòkun ti ń tajà pọ̀. Ṣọ́ọ̀bù Mùstàfá kún fún aṣọ. Aṣọ ọrùn rẹ̀ àti Àwáwù nìkan ló bá a dé Òkàkà. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ Gánà, ẹnu rẹ̀ á korò. Nítorí náà ó gba kẹ̀kẹ́. Ó ń gùn ún lọ sóko, ó ń gùn ún lọ kírun. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ń han bí òròmọdìẹ tó ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Mùstàfá sinmi ìrìn. Àwọn èèyàn ní Kòbínà ti dé Ṣakí, pé ó ti ré kọjá sí òdìkejì ẹnubodè.

Àwáwù kò sọ nǹkan kan nípa kẹ̀kẹ́ náà. Bó bá fẹ́ gbálẹ̀, á gbá yí i ká.

Lọ́jọ́ kan, Àwáwù ní inú ń run òun, òun fẹ́ lọ sí dìsípẹ́ńsárì. Mùstàfá jẹ́ kó lọ díẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Florence ni orúkọ nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, ọmọ Ogbooro, Kìrìsìtẹ́nì tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí Mùstàfá yọ lẹ́nu ọ̀nà, òun àti Àwáwù forí korí. Bí wọ́n ṣe rí i, wọ́n dákẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì," ni Mùstàfá wí. "Wọ́n ní ara ìyàwó mi ò yá."

"Inú ló ń run wọ́n, bàbá. Mo ti fún wọn lóògùn."

"Inú nìkan?"

"Inú nìkan."

Ṣùgbọ́n Mùstàfá rí ohun funfun kan tó yọ lábẹ́ ìborùn Àwáwù. Aṣọ tí wọ́n fi ń di egbò ni. Ta ló ń fi aṣọ di inú rírun? Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, ó ń rò ó lọ, ó ń rò ó bọ̀. Bóyá nọ́ọ̀sì ló ń bá wọn ṣe alárinà. Bóyá àlè náà ti farapa lẹ́nu iṣẹ́. Ó ka gbogbo ọkùnrin àdúgbò lọ́kàn, ó wá ẹni tó ń tiro láàárín wọn. Kò rí. Nínú mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, dípò kó gbọ́ ìwàásù, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ló ń wò.

Nígbà tí kò lè dá a rù mọ́, ó lọ bá Ládòkun. Wọ́n ń ta ayò níwájú ilé Ládòkun.

"Ìyàwó mi ń lọ síbì kan," ni Mùstàfá wí.

"Ibo?"

"Oko. Lọ́sàn-án gangan. Ó ń gbé oúnjẹ lọ."

Ládòkun kó ọmọ ayò dání, kò tà á. "Oko wo nínú oko yín?"

"Oko tábà àtijọ́."

"Ilé tábà yẹn ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan." Ládòkun ta ayò rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Má dá lọ o. Bó o bá ká ọkùnrin mọ́bẹ̀, ta ló mọ̀ bóyá ó lágbára jù ọ́ lọ? Ọjọ́ wo lo fẹ́ lọ?"

"Lọ́la."

"Máa lọ. A ó máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ."

Ara tu Mùstàfá. Ìgbà tó délé ló rántí pé Ládòkun kò béèrè ẹni tí òun fura sí. Ọkùnrin tí kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òfófó kọjá òun! Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú, àmọ́ ìbínú kò jẹ́ kó ronú jinlẹ̀.

Ilé tábà náà jẹ́ ilé alámọ̀ gíga tí kò ní fèrèsé. Inú rẹ̀ ni Mùstàfá máa ń so ewé tábà rọ̀ sí, tó máa ń fi iná gbẹ ẹ́, nígbà tí iṣẹ́ tábà ṣì ń lọ déédéé. Iná mú òrùlé rẹ̀ lápá kan, ó sì pa á tì.

Lọ́jọ́ kejì, ó jẹ́ kí Àwáwù ṣíwájú. Wọ́n ti jó igbó, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà dúdú, èéfín ṣì ń rú níbi kùkùté kọ̀ọ̀kan. Àwọn àṣá ń fò lókè, wọ́n ń wá eku tí iná lé jáde. Ó ń wo àmì ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ nínú eérú. Nígbà tó sún mọ́ ibẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ́nà nítorí ariwo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má jí i. Ó bá ń tì í lọ, ẹ̀wọ̀n náà sì ń han.

Láti inú ilé tábà ni ohùn ọkùnrin kan ti jáde, ohùn náà rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ wà nínú rẹ̀.

"Kẹ̀kẹ́ mi nìyẹn!"

"Dákẹ́," ni Àwáwù wí.

Mùstàfá ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó yọ àdá, ó wọlé. Òórùn tábà àtijọ́ àti òórùn egbò ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ mọ́ òkùnkùn náà lára, ó rí dàńṣíkí rẹ̀. Kòbínà ló wọ̀ ọ́. Ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri, igi méjì ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, irùngbọ̀n sì ti kún un lójú. Àwáwù wà lórí ìkúnlẹ̀, igbá ògì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú Mùstàfá dùn. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe é nìyẹn, ojú sì tì í nítorí rẹ̀ nígbà tó yá. Kì í ṣe àlè. Ìyàwó òun kò yan àlè. Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò pẹ́ tí ìbínú mìíràn fi dé.

"Ará Gánà," ló wí. "Nínú oko mi. Àwáwù, ará Gánà!"

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀, Bàbá Rábì."

"O ti gbàgbé Sàbítíù?"

Sàbítíù ni àkọ́bí wọn. Ibà líle ló ń ṣe é nígbà tí wọ́n lé wọn ní Kùmásí. Inú lọ́rì, lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ló kú sí, ẹ̀gbẹ́ títì ní ilẹ̀ Tógò ni wọ́n sì sin ín sí. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dárúkọ rẹ̀ kẹ́yìn láàárín àwọn méjèèjì.

Àwáwù gbé igbá kalẹ̀. Ó dìde.

"Èmi kọ́ ni mo gbàgbé," ló wí. "Ẹ rántí ìyá onílé wa? Òun ló gbẹ̀bí Sàbítíù. Nígbà tí ẹ lọ wá lọ́rì, mo gbé ọmọ lọ bá a. Mo ní kó jẹ́ kí á fara pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ títí ibà á fi sọ̀ kalẹ̀. Ó yọjú. Ó wo èmi, ó wo ọmọ. Ó ti ilẹ̀kùn. Kò bínú o, kò bú mi. Ó rọra tì í ni, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Mo ṣì ń gbọ́ ọ."

"O ò sọ fún mi rí."

"Kí ni ẹ bá fi ṣe? Ẹ ó kàn tún bú wọn sí i." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Mo wá ṣẹ́gi níbí, mo bá ọkùnrin yìí nílẹ̀. Omi ló ní kí n fún òun. Bàbá Rábì, lọ́tẹ̀ yìí èmi ni mo wà nínú ilé, òun ló wà níta. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Kòbínà ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá Rábì. Bí mo bá lè rìn ni, mo ti lọ."

"Ìwọ dákẹ́," ni Mùstàfá wí, ṣùgbọ́n àdá ti sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Kí ló dé tí o fi pa á mọ́ fún mi?"

Àwáwù tọ́ka sí ìta. "Kẹ̀kẹ́ ta lẹ gùn wá?"

Ìgbà náà ni Mùstàfá rántí. *A ó máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ.* Ó yé e wàyí ìdí tí Ládòkun kò fi béèrè orúkọ. Láti ìgbà tó ti gbọ́ oko tábà ni ọ̀rọ̀ ti yé e. Mùstàfá bojú wo ọ̀nà. Àwáwù rí i lójú rẹ̀.

"Ta lẹ sọ fún?"

"Mo rò pé àlè ni."

"Bàbá Rábì, ta lẹ sọ fún?"

"Ládòkun."

Àwáwù kò pariwo. Ó kàn wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tí kò mọ̀ rí. Kòbínà di ògiri mú, ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀ fún un, ó ṣubú padà. Wọ́n sì ti ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn lọ́nà.

Ládòkun ló ṣíwájú, ọ̀dọ́ bíi mélòó kan tẹ̀ lé e pẹ̀lú kùmọ̀. Ìyápọ̀ wà láàárín wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin alágbára tí ilé bàbá rẹ̀ kò jìnnà sí ti Mùstàfá. Kí Mùstàfá tó mọ ohun tó máa ṣe, Àwáwù ti lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Rábì, kúrò níbẹ̀," ni Ládòkun wí. "A ò bá ọ jà."

"Èmi lẹ máa bá jà. Èmi ni mo pa á mọ́, èmi ni mo ń bọ́ ọ. Bẹ́ ẹ bá mú òkúta wá, ẹ sọ ọ́ lù mí."

"Olè lo pa mọ́ yẹn."

"Kí ló jí? Ilé ta ló jà ní Ìpàpó? Dárúkọ onílé."

Àwọn ọ̀dọ́ náà wo ara wọn. Ládòkun kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó na ọrùn kọjá èjìká Àwáwù.

"Mùstàfá! Pàṣẹ fún ìyàwó rẹ kó kúrò lọ́nà."

Gbogbo wọn wá ń wo Mùstàfá. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á wọ́ Kòbínà jáde, òun á mú ìyàwó rẹ̀ lọ sílé, bó bá sì di ọ̀la òun àti Ládòkun á tún jọ ta ayò. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n òun. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà á, orúnkún rẹ̀ sì ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tó fi tọ ẹ̀gbẹ́ Àwáwù lọ, tó jókòó sílẹ̀ kí ó má baà ṣubú. Ìgbà tó jókòó tán ló rí i pé àárín ẹnu ọ̀nà gan-an lòun wà, pé kò sẹ́ni tó lè wọlé láìjẹ́ pé ó dá òun kọjá.

Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ.

"Ìyápọ̀," ló wí, "wá dá mi kọjá. Mo gbé ọ jó lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Wá, kọ́kọ́ dá mi kọjá."

Ìyápọ̀ sún díẹ̀, ó dúró. Ọmọdé tó bá ṣèèṣì dá ẹsẹ̀ àgbà kọjá, ṣe ni wọ́n máa ń ní kó dá a padà kíá. Èyí kì í ṣe èèṣì. Ó ju kùmọ̀ rẹ̀ sí ọwọ́ òsì, ó tún fi ọwọ́ ọ̀tún mú un, ó wá ń wolẹ̀. "Bàbá, ẹ dìde," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"N kò dìde."

Ládòkun tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun kì í ṣe ọmọ Mùstàfá, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ó wá dúró níbi ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè.

"Ìwọ lo ń ṣe báyìí fún ará Gánà? Ìwọ Mùstàfá? O ti gbàgbé Kùmásí?"

"Kùmásí ni kò jẹ́ kí n lè dìde."

Ẹsẹ̀ Ládòkun wà lókè. Mùstàfá ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, Ládòkun sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀ síbi tó ti gbé e. Ó tutọ́ sílẹ̀.

"Màá lọ pe ọlọ́pàá," ló wí. "Ìjọba ló ní kí wọ́n lọ, èmi kọ́." Ó kọjú sọ́nà, àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀ lé e. Ìyápọ̀ ló kẹ́yìn, ó sì wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.

Kò sí àkókò láti jókòó. Mùstàfá gbé kẹ̀kẹ́ náà dìde. Wọ́n gbé Kòbínà lé e, Àwáwù dì í mú lẹ́yìn, Mùstàfá ń tì í. Àwáwù ní kí àwọn gba inú igbó lọ. Mùstàfá ní rárá, pé bí àwọn bá fara pamọ́, ẹni tó bá rí àwọn á rò pé olè làwọn gbé. Ọ̀nà ìlú ni wọ́n gbà, lójú gbogbo èèyàn, bí wọ́n ṣe ń pe ìrun alásàrí. Àwọn èèyàn jókòó níwájú ilé wọn. Kò sẹ́ni tó sọ òkúta. Kò sẹ́ni tó kí wọn. Láti ìgbà tí Mùstàfá ti dáyé, kò rìn láàárín Òkàkà rí kí ẹnikẹ́ni má ṣe kí i kú ìrìn. Ó ń ka àwọn ojú náà bó ṣe ń kọjá, ó ń ronú ẹni tó máa sáré lọ sọ fún Ládòkun, kò sì rí ojú kan tó lè fọkàn tán.

Florence kò béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó na ọwọ́ sí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè rí.

"Ṣé ibẹ̀ kò hàn jù?" ni Mùstàfá bi í.

"Kó hàn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Nígbà tó wà lóko, ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ni, mo sì ń fi òògùn ránṣẹ́ bí olè. Tó bá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi, aláìsàn ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbé aláìsàn, kó wá gbé e lójú mi."

"Wọ́n lè torí ẹ̀ lé yín kúrò lẹ́nu iṣẹ́."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, bàbá. Ẹ bá mi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀."

Ọlọ́pàá dé pẹ̀lú Ládòkun lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá wọn ṣí aṣọ kúrò lórí ẹsẹ̀ Kòbínà, ó wò ó dáadáa, ó sì béèrè ẹni tó fọ́ ọ. Ládòkun yíjú sí fèrèsé.

"Ìjọba ní kó máa lọ sílé," ni ọlọ́pàá náà wí fún Ládòkun. "Ìjọba kò rán ẹnikẹ́ni kó ṣẹ́ ẹsẹ̀ tó máa fi lọ." Ó ní bó bá ti lè rìn, kó gba Ṣakí kọjá. Ó lọ. Ládòkun dúró díẹ̀, bí ẹni pé ó ń retí kí ọlọ́pàá náà padà wá sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, lẹ́yìn náà òun náà lọ. Kò bá Mùstàfá sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìlú kò lé wọn, ṣùgbọ́n ìlú fà sẹ́yìn. Àwọn obìnrin tó máa ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ Àwáwù ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn èèyàn wá ń gbé oúnjẹ wá fún Kòbínà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé e sẹ́nu ọ̀nà dìsípẹ́ńsárì, wọ́n á yára lọ. Àwáwù kò jẹ́ kó jẹ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ó ń dà á fún adìẹ, á sì dúró wo adìẹ náà títí. Adìẹ kankan kò kú. Síbẹ̀ kò gbà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àpọ́nlé wá, ó di aṣọ ìbora kan sábẹ́ apá. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti ká a dáadáa. Ó fún Florence, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí Ládòkun mọ̀ pé èmi ni." Bẹ́ǹṣì àti rédíò kò padà. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kò padà. Àgbàdo ni Ládòkun ń kó síbẹ̀.

Gánà ti ṣí ẹnubodè wọn nígbà tí ẹsẹ̀ Kòbínà jinná. Lọ́rì elépo kan tó ń lọ sí Ṣakí gbà á. Wọ́n so kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Àwáwù nínú eruku, bí ọmọ Yorùbá gan-an, ó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó dúró níwájú Florence, ó tẹríba. Nígbà tó kan Mùstàfá, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ẹ ṣeun, Bàbá Rábì."

Ohùn tó fi sọ ọ́ ni ohùn tó máa ń fi dá gbogbo oníbàárà lóhùn níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ tí kò gbé nǹkan kan dání. Mùstàfá wo ojú rẹ̀, ó wá ohun tó wà níbẹ̀, bóyá ìdáríjì ni, bóyá kì í ṣe òun. Lọ́rì lọ kó tó mọ̀ ọ́n.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Mùstàfá àti Àwáwù lọ kọ ebè síbi tí iná ti jó. Ilẹ̀ ti rọ̀. Láti ọjọ́ tí Kòbínà ti lọ ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ Mùstàfá lọ́kàn. Ó fi ọkọ́ rẹ̀ gúnlẹ̀.

"Àwáwù, ká ní mo bi ọ́ léèrè ni. Ká ní n kò lọ bá Ládòkun, pé mo pè ọ́ sínú yàrá, mo ní kí o sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé ò bá sọ?"

Àwáwù kò dáhùn kíá. Ó wolẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ fọ́ ògúlùtu kan.

"Rárá," ló wí. "N kì bá tí sọ."

Mùstàfá mi orí. Ó retí kí ó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n Àwáwù ti tẹ̀ síwájú, ó ti bẹ̀rẹ̀ ebè mìíràn. Mùstàfá fa ọkọ́ rẹ̀ yọ nínú ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.